Ìbọn tí wọ́n fi òógùn ojú rà, àti ìwé tí ìjọba fẹ́ kọ ọ́ sí

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa rárá.

Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé mọ ìbọn ṣakabùlà tí bàbá ọdẹ máa ń fi kọ́ ara ògiri. Òun ló fi ń lé ọ̀bọ kúrò lóko, òun ló fi ń pa ẹran, òun náà ni wọ́n máa ń yìn nígbà tí àgbà ọdẹ bá papòdà. Ẹ wá jẹ́ kí ẹnì kan wọ abúlé náà, kó ní ìjọba fẹ́ mọ iye ìbọn tó wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àti ibi tó ti rà á. Kíákíá ni ojú àwọn ènìyàn á yí padà. Ẹnì kan á ní òun ò ní ìbọn. Ẹlòmíràn á ní ti bàbá òun ni, ó sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹni tí kò jalè rí, tí kò pa ènìyàn rí, òun náà á máa wá ibi tí yóò gbé tirẹ̀ pamọ́ sí. Kí ló dé? Ṣé ọ̀daràn ni gbogbo wọn ni?

Rárá o. Ẹ̀rù yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí pé wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wá kọ orúkọ ìbọn wọn sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ogun, tí ọba di ẹlẹ́wọ̀n, tí odidi ìlú túká. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1873 sí 1884, lọ́dọ̀ àwọn Hlubi àti lọ́dọ̀ àwọn Basotho. Lẹ́yìn náà, màá mú ọ̀rọ̀ padà wálé.

Bí ìbọn ṣe dé ọwọ́ wọn

Ní 1867 ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní àárín ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Kò pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ya lọ síbi tí wọ́n wá ń pè ní Kimberley. Òyìnbó ló ń gba èrè jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ dúdú ni wọ́n fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹsẹ̀ rìn wá láti ilẹ̀ Basotho, láti Natal, láti ilẹ̀ àwọn Pedi, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà, nínú òtútù àti ebi. Wọ́n á ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á ra ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, wọ́n á sì padà sílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà ni ìbọn.

Wọ́n ní ìdí. Ìbọn wúlò fún ọdẹ, ó wúlò fún ṣíṣọ́ màlúù, ó sì ń fi hàn pé ọmọkùnrin ti di géńdé. Lókè gbogbo rẹ̀, àwọn Basotho ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn Boer ti Orange Free State jà ni, ìjà náà sì ti gba ilẹ̀ oko tó dára jù lọ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ti gba ilẹ̀ rẹ̀ rí kò ní í sùn láìní ohun ìjà nílé.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: kò sẹ́ni tó jí ìbọn wọ̀nyí. Gbangba ni wọ́n ti ń tà wọ́n ní Kimberley. Àwọn oníṣòwò ń jèrè. Ìjọba Cape ń gba owó ibodè lórí ìbọn tó bá gba èbúté rẹ̀ wọlé. Richard Southey, tó di gómìnà ibi ìwakùsà náà ní 1873, mọ̀ dáadáa pé bí wọ́n bá dá títa ìbọn dúró, àwọn òṣìṣẹ́ kò ní wá mọ́. Òyìnbó kan náà tó ń ta ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tún ni òyìnbó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wá ń béèrè ní ọwọ́ òsì pé ta ló ní kí ẹ rà á.

Natal àti Langalibalele

Natal wà létí òkun ní ìlà-oòrùn, ó sì ní òfin tirẹ̀. Láti 1859 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ọmọ dúdú kò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà. Òyìnbó tó wà ní Natal kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n tọ̀sán tòru. Nígbà tí wọ́n wá ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Kimberley bọ̀ pẹ̀lú ìbọn léjìká, ẹ̀rù náà di ìlọ́po.

Ní ìsàlẹ̀ òkè Drakensberg ni àwọn Hlubi ń gbé. Ní 1848 ni wọ́n sá kúrò níwájú Mpande, ọba àwọn Zulu, tí wọ́n bọ́ sí Natal. Ìjọba fi wọ́n sí ẹsẹ̀ òkè náà kí wọ́n lè jẹ́ odi láàárín àwọn àgbẹ̀ òyìnbó àti àwọn San tó ń ti orí òkè wá kó màlúù. Ọba wọn ni Langalibalele. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé oòrùn ń ràn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àgbègbè náà mọ̀ ọ́n sí ẹni tó lè pe òjò. Fún bí ọdún mẹ́rìnlélógún, òun àti ìjọba ń bá ara wọn gbé láìsí wàhálà ńlá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbin àgbàdo, wọ́n ń sin ẹṣin àti màlúù, wọ́n ń san owó orí.

Ìgbà náà ni ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Estcourt, John Macfarlane, ránṣẹ́ sí ọba pé kó kó ìbọn àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé. Lójú ìjọba, ọ̀rọ̀ kékeré ni: ẹ gbé e wá, a ó kọ orúkọ rẹ̀, ẹ ó gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ọ̀dọ́ Hlubi, ọ̀rọ̀ náà kò kéré rárá.

Èkíní, ìròyìn ti tàn láàárín wọn pé ẹni tó bá gbé ìbọn lọ fún kíkọ lè má rí i gbà mọ́, tàbí kó rí i gbà ní bíbàjẹ́, tí kò ní lè yìn mọ́. Ẹni tó fi oṣù mélòó kan gbẹ́ ilẹ̀ nítorí nǹkan, tó sì fẹsẹ̀ gbé e wálé, kò ní í fi lé ẹni tí kò fọkàn tán lọ́wọ́. Èkejì, òfin tó ní kí wọ́n wá gba àṣẹ yìí, ọmọ dúdú ló dojú kọ. Bí òfin bá ń wo àwọ̀ ara kó tó ka ìbọn, ẹni tí wọ́n ń kà yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iye náà ṣe. Ẹ̀kẹta, wọ́n mọ̀ pé kíkà ló ń ṣáájú gbígbà. Ẹni tó bá fẹ́ kó adìyẹ ọlọ́jà, yóò kọ́kọ́ ka iye tó wà nínú àgò.

Ipò ọba náà wá le. Bí ó bá fi agbára gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á kọ̀ ọ́. Bí kò bá gbà á, ìjọba á ní ọlọ̀tẹ̀ ni. Ó ń fà á sẹ́yìn, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìpè tí kò lè jẹ́

Theophilus Shepstone, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ ní Natal, ránṣẹ́ pè é sí Pietermaritzburg. Kò lọ. Wọ́n tún pè é. Ó ní ara òun kò yá. Àwọn òyìnbó ní àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n Langalibalele rántí ohun kan tí wọ́n ti gbàgbé. Ní 1858, John Shepstone, àbúrò Theophilus yìí kan náà, pe ìjòyè kan tí ń jẹ́ Matshana sí ìpàdé àlàáfíà. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn wá láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. Òyìnbó náà gbé ìbọn pamọ́, ó sì yọ ọ́ jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ mú Matshana. Matshana sá àsálà, ṣùgbọ́n nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kú. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò tún sáré jẹ́ ìpè?

Ìránṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Mahoiza lọ sọ́dọ̀ ọba náà, ó sì padà wá sọ pé wọ́n bọ́ òun síhòòhò, wọ́n dójú ti òun. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú inú àwọn òyìnbó ru jù. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà ni Bíṣọ́ọ̀bù Colenso wá tú àṣírí rẹ̀ pé àsọdùn ni. Wọ́n kàn ní kó bọ́ ẹ̀wù tó wọ̀ lékè ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbé ìbọn pamọ́ bíi ti ọjọ́ Matshana. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe ń yí: ìjọba ń bẹ̀rù ìbọn wọn, àwọn náà ń bẹ̀rù ìbọn ìjọba, kò sì sí ẹni tó gba ẹnì kejì gbọ́.

Ní ìparí oṣù kẹwàá 1873, Gómìnà Benjamin Pine kó ọmọ ogun dìde. Langalibalele kò dúró jà. Ó kó àwọn ọkùnrin àti màlúù rẹ̀, wọ́n gba orí òkè lọ sí ilẹ̀ Basotho. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ogun díẹ̀ tí Major Durnford ṣáájú wọn pàdé wọn ní ojú ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Bushman's River Pass. Wọ́n ti pàṣẹ fún Durnford pé kó má ṣe kọ́kọ́ yìnbọn. Ìbọn dún ṣá, òyìnbó mẹ́ta àti ọmọ dúdú méjì tó wà lẹ́yìn Durnford kú.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fi ẹnu sọ tán. Ìjọba kéde pé Langalibalele ti di ẹni tí òfin kò dáàbò bò mọ́. Wọ́n sun ilé, wọ́n kó màlúù, wọ́n pa nínú àwọn arúgbó, obìnrin àti ọmọdé tó sá pamọ́ sínú ihò àpáta. Wọ́n gba ilẹ̀ àwọn Hlubi, wọ́n sì pín ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó láti máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Àwọn Ngwe tó jẹ́ aládùúgbò wọn, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kó tiwọn náà lọ. Ní oṣù Kejìlá 1873, Molapo, ọmọ ọba ńlá Moshoeshoe, fa Langalibalele lé ọlọ́pàá Cape lọ́wọ́ ní Leribe.

Ẹjọ́ rẹ̀ ní 1874 jẹ́ ohun ìtìjú. Pine tó rán ọmọ ogun, Pine tó ti kéde rẹ̀ ní ọlọ̀tẹ̀, Pine yìí náà ló jókòó bí adájọ́. Wọn kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò dúró fún ọba náà bó ṣe yẹ kó bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tí Pine jẹ́ alága rẹ̀ ló tún gbọ́ ọ. Ta ni adìyẹ yóò rò fún níwájú àṣá? Wọ́n ní kó lọ sí ìgbèkùn títí ayé. Natal kò ní ibi tí yóò gbé e sí, ni ilé aṣòfin Cape bá ṣe òfin kan nítorí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Robben, ibi tí Nelson Mandela náà wá lo ọdún méjìdínlógún nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e.

Colenso kò dákẹ́. Ó kọ̀wé, ó wá ẹ̀rí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ní 1875 wọ́n pe Pine padà sílé kúrò nípò. Wọ́n mú ọba náà kúrò ní erékùṣù lọ sí oko kan lẹ́bàá Cape Town, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó padà sílé títí di 1887. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ àdúgbò Langa ní Cape Town, tó wà títí di òní.

Àwọn Basotho kọ̀

Àwọn Basotho rí gbogbo èyí. Wọ́n rí i pé ìwé ìbọn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1878, ilé aṣòfin Cape ṣe òfin tí wọ́n pè ní òfin ìpa-àlàáfíà-mọ́. Òfin náà fún ìjọba lágbára láti pàṣẹ ní àgbègbè tó bá wù ú pé kí gbogbo ènìyàn kó ìbọn wọn wá. Ẹni tí ìjọba bá fọkàn tán nìkan ni yóò gba ìwé àṣẹ láti tún ní òmíràn.

Àwọn Mfengu ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn. Àwọn ló bá Cape jagun ní 1877 sí 1878. Wọ́n ja ìjà náà tán, òyìnbó ní kí wọ́n kó ìbọn wá. Wọ́n kó o wá, wọ́n fún wọn ní owó díẹ̀. Àwọn Basotho wò ó pé bí wọ́n bá ṣe èyí sí ọ̀rẹ́, kí ni wọn yóò ṣe sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́?

Ní oṣù kẹwàá 1879, Gordon Sprigg, olórí ìjọba Cape, lọ bá wọn ní ìpàdé ìlú tí àwọn Basotho ń pè ní pitso. Ó ní wọ́n máa kó ìbọn sílẹ̀. Àwọn ìjòyè dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ tẹnu wọn. Wọn kò kọ́kọ́ jà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria, wọ́n rán aṣojú lọ sí ilé aṣòfin ní Cape Town. Àwọn oníwàásù Faransé tó ti ń gbé láàárín wọn láti 1833 náà bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe yìí yóò bí ogun. Sprigg kò gbọ́. Ní 1880, wọ́n mú òfin náà wọ ilẹ̀ Basotho.

Ọba àgbà, Letsie, fẹ́ tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ Lerotholi àti àbúrò rẹ̀ Masopha kọ̀. Ẹni tó bá kó ìbọn rẹ̀ lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ á gba màlúù rẹ̀. Ogun bẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 1880. Wọ́n ń pè é ní Ogun Ìbọn títí di òní. Ní Qalabani, àwọn ẹlẹ́ṣin Basotho pa ọmọ ogun Cape tó ju ọgbọ̀n lọ lọ́jọ́ kan. Owó ogun náà ń jẹ Cape tán, kò sì ṣẹ́gun.

Ní ìparí oṣù kẹrin 1881, Sir Hercules Robinson, aṣojú Ọbabìnrin, dá ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí àwọn Basotho di ìbọn wọn mú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa san pọ́n-ùn kan lọ́dún lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) màlúù ìtanràn. Ẹ wò ó o: wọ́n ti ja ogun, ọ̀rọ̀ sì tún padà sórí kíkọ orúkọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ìwé náà sọ pé ìbọn jẹ́ tiwọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò gbà á gbọ́, wọn kò sì kọ ọ́. Cape rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1884, ó dá ilẹ̀ Basotho padà fún Ìlú Ọba, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Lesotho dá dúró lónìí bí orílẹ̀-èdè tó yàtọ̀, láàárín gbùngbùn Gúúsù Áfíríkà.

Kí ló kàn wá níbí?

Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn àwọn ará ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó so ó mọ́ wa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Nínú rẹ̀, wọ́n fa ìlà sórí Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù, wọ́n sì ní ìbọn ìgbàlódé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ fún títà fún aráàlú. Kétu, Ṣábẹ̀, Àjàṣẹ́, Àtàkpámé, gbogbo wa la bọ́ sínú ìlà náà. Ìbọn tó bá dé yóò wà nílé ìkẹ́rùsí lábẹ́ ojú ìjọba. Ẹni tí wọ́n bá gbà láàyè láti ní ìbọn tó dára, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò lu àmì sára ìbọn náà, wọn yóò sì fún un ní ìwé àṣẹ ọlọ́dún márùn-ún tí wọ́n lè gbà padà. Ìbọn olókùúta tí ihò rẹ̀ dán, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán, nìkan ni wọ́n gbà kí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀kan nínú ìdí tí ìbọn ṣakabùlà fi wà lọ́wọ́ ọdẹ wa títí di òní nìyẹn.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òwò ẹrú burú, tàbí pé ìbọn lọ́wọ́ ẹni burúkú burú. Àwa ará Kétu kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ní 1886, ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ wó ìlú wa, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, ìlú náà kò sì dìde títí tí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin. Ẹni tó bá ní ìbọn kò yẹ kó sọ òmíràn di ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn tó kọ ìwé Brussels, ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Faransé nínú wọn kó ìbọn tó dára ju ti gbogbo wa lọ wọ ilẹ̀ yìí. Ìwé náà ka ìbọn wa, kò ka tiwọn.

Lónìí, Benin àti Tógò wà nínú àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ó ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ ìbọn lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lu àmì sára ìbọn, kí àkọsílẹ̀ náà sì wà títí lọ. Ìdí rẹ̀ yé mi. Bí ọlọ́ṣà bá fi ìbọn pa ènìyàn lójú ọ̀nà, àmì tó wà lára rẹ̀ lè sọ ibi tó ti wá. Ẹni tí wọ́n ti ja ilé rẹ̀ lólè rí kò ní bú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń gbọ́ ìjà yìí kan náà níbẹ̀. Láti 1968 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń ta ìbọn máa kọ orúkọ ẹni tó rà á sínú ìwé. Ní 1986, àwọn aṣòfin wọn tún ní ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé kan ṣoṣo. Ìwé wà lọ́dọ̀ olùtajà, ìjọba á béèrè bí ìwà ọ̀daràn bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ilé ìtajà tó bá kógbá wọlé ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Martinsburg, ní West Virginia. Bí ìwé wọ̀nyẹn ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ní ìbọn níbẹ̀ ń pariwo pé ohun tí òfin kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀rù Hlubi kò tíì kúrò láyé.

Ohun tí mo rí kọ́

Ohun tó dun àwọn Hlubi kọjá ìwé. Ìwé lè gba ènìyàn là. Bí orúkọ rẹ bá wà nínú ìwé ilẹ̀, ìwé yẹn ni yóò jà fún ọ nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbà á. Ohun tó pa ọ̀rọ̀ rú ní Natal ni pé ẹni tó ń kọ ìwé náà ni ọlọ́pàá, òun ni adájọ́, òun ni yóò sì gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ kò ní ibì kankan tí yóò gbé ẹkún rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá sí abúlé yín pé kí àwọn ọdẹ wá kọ orúkọ ìbọn wọn sílẹ̀, ẹ má sá wọ inú igbó, nítorí sísá ni wọ́n fi sọ Langalibalele di ọlọ̀tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúọdẹ àti àwọn àgbà jókòó, kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé ọdẹ yóò gba ìwé lọ́wọ́ tirẹ̀ tó sọ pé ìbọn náà jẹ́ tirẹ̀? Ṣé ibi tó bá ti gbé e wá ni wọn yóò ti kọ ọ́, tí yóò sì gbé e padà lọ sílé lọ́jọ́ náà? Ṣé òfin kan náà ni fún ọmọ olówó ìlú ńlá àti fún ọdẹ oko? Bí òṣìṣẹ́ kan bá gba ìbọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, ọ̀dọ̀ ta ni a ó pẹjọ́ sí tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ náà?

Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ, ẹ kọ orúkọ yín. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ pa ẹnu, ẹ ṣe bí àwọn Basotho ṣe kọ́kọ́ ṣe kí ogun tó bẹ́: ẹ kọ ìwé, ẹ rán aṣojú, ẹ sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ tó ń ka èyí, tàbí tí ọmọ yín ń kà á fún, ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá yín nípa ìgbà tí kọ̀máńdà Faransé ń béèrè ìbọn lágbègbè wa. Ìtàn tí a kò sọ, ẹlòmíràn ni yóò bá wa sọ ọ́, kò sì ní í sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ògún á gbè wá o. Ire ni tiwa.